Bàbá, Ta Ló Jẹ Owó Koríko?

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹni tó máa ń bọ́ bàtà kó tó tẹ koríko,

Èmi ọmọ yín ni o. Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìwé mẹ́fà tí mo kà ò jinlẹ̀, aṣọ fífọ̀ ni mo mọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mi ò lè bi ẹlòmíì. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi, mo sì mọ̀ pé ẹ ò ní dáhùn. Nígbà tí ẹ wà láyé gan-an, tí mo bá bi yín ní ọ̀rọ̀ owó, ikọ́ lẹ fi ń dá mi lóhùn.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ẹ tọ́jú pápá wọn títí ẹ fi kú ò rí bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ mọ́. Bọ́ọ̀lù wọn ti di nǹkan ńlá. Nígbà tiyín, kóòṣì kan ló wà, fèrè kan, àti bọ́ọ̀lù méjì tí ọ̀kan ń jò. Ẹ̀yin tìkara yín lẹ máa ń fi agolo wàrà tí ẹ dá ihò sí nídìí gbọn ẹfun sílẹ̀ kí ìlà pápá lè hàn. Ní báyìí, kóòṣì mẹ́ta ni wọ́n ní. Iṣẹ́ tí ẹnìkẹta ń ṣe ò yé mi, àfi kó máa wọ jígí dúdú. Àwọn tó ti jáde níbẹ̀, tí wọ́n wà lókè òkun, ló ń fi owó ránṣẹ́: owó jẹ́sì, owó oúnjẹ, owó bọ́ọ̀sì, owó koríko.

Èmi ni mò ń fọ jẹ́sì wọn. Wọ́n ní àwọn ra jẹ́sì tuntun lọ́dún yìí. Bàbá, èmi ni mo rán abẹ́ apá nọ́ńbà méje tó ya lọ́dún tó kọjá. Òwú pupa ni mo fi rán an torí funfun tán lọ́wọ́ mi. Jẹ́sì tuntun dé, mo rí òwú pupa mi lábẹ́ apá ẹ̀. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a, mo panu mọ́. Ẹni tó bá ń fọ aṣọ èèyàn á rí ohun tí kò yẹ kó rí.

Bọ́ọ̀sì wọn ní afẹ́fẹ́ tútù nínú. Ilé alága kọmítì bọ́ọ̀lù ní Ìbẹ̀fun ló ń sùn. Tó bá di Sátidé, ìyàwó tó bá háyà ẹ̀ ló ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ tó fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù á wá kó ara wọn sórí ọ̀kadà lọ sí Odògbolú. Ọ̀túnba ni gbogbo wa ń pe alága yìí. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ló sunkún jù níbi ìsìnkú yín, ó sunkún ju èmi tí mo jẹ́ ọmọ lọ. Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí n ti fura.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Wọ́n ń ṣe ìpàdé, àwọn ará òkè òkun ń sọ̀rọ̀ látinú fóònù. Èmi ń kó jẹ́sì tí mo ti lọ̀ wọlé. Obìnrin kan lókè òkun wá béèrè, ó ní: "Ọ̀túnba, ẹ jọ̀ọ́ sà, owó koríko tí a kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ibo ló wọlé sí?"

Ọ̀túnba ṣí fìlà. "Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí o. Bàbá tó ń tọ́jú pápá ni mo kó o lé lọ́wọ́, pé kí wọ́n fi ra irúgbìn. Kò pẹ́ sí i, wọ́n kú. Mi ò kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ òkú láìdáa."

Gbogbo ilé ní, "Háà!" Gbogbo ojú yí sí mi. Mo gbá jẹ́sì mọ́ra bí ẹni tí wọ́n ká ẹrù olóhun mọ́ lọ́wọ́.

Mo pe é ní irọ́ nínú mi. Mo ń pè é bẹ́ẹ̀ títí mo fi dé ilé, tí mo gbójú sókè. Bàbá, ọdún tí ẹ kú gan-an lẹ pààrọ̀ páànù ilé wa. Ilé tó ti ń jò láti kékeré mi, tí a fi ìkòkò, abọ́ àti póò gbe omi nínú ẹ̀, ẹ sọ ọ́ di tuntun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo bi yín nígbà yẹn pé níbo lowó ti wá. Ẹ wúkọ́. Ẹ ní kí n po gàrí fún yín. Ẹ mu ún lórí ìdúró bí ẹ ṣe máa ń mu ún, bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè.

Látọjọ́ yẹn, tí òjò bá ń rọ̀ tí mi ò gbọ́ kí omi kán, inú mi kì í dùn. Ṣé ẹ jẹ owó yẹn ni?

Kò pẹ́, Ọ̀túnba wá bá mi níbi tí mo ti ń fọṣọ.

"Ọmọ bàbá! Ṣé iṣẹ́ ń lọ?"

"A dúpẹ́ sà."

"Má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bàbá ẹ bà ẹ́ lọ́kàn jẹ́. A ti dárí jì wọ́n."

"Ẹ ṣé sà. Ta ló bá wa bẹ̀ yín?"

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹnu nìkan ló fi rín in. Ó ní koríko tuntun ti dé, koríko oníke, tí kì í mumi, tí kì í kú, tí wọ́n gbé wá láti òkè òkun. Wọ́n máa ṣí i fún gbogbo ayé. Ó ní tó bá dọjọ́ náà, kí n kàn gba máìkì, kí n fi orúkọ ìdílé tọrọ àforíjì, kí ọ̀rọ̀ lè parí. Tí mo bá ṣe é, gbogbo aṣọ ibùsùn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ di tèmi láti máa fọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Bàbá, irọ́ ni mo pa. Mo ti ń ṣírò ọṣẹ. Ẹ má bú mi, Ìjẹ̀bú lẹ bí mi sí.

Ọjọ́ náà pé. Wọ́n ta okùn yí pápá ká, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ torí gọ́ọ̀mù abẹ́ ẹ̀ ò tíì gbẹ. Kánópì àwọn àgbààgbà jìnnà sí i bí ẹni ń sá fún ẹlẹ́tẹ̀. Koríko náà tutù yọ̀yọ̀ débi tó ń dunni lójú. Kóòṣì oníjígí dúdú nìkan lara tù. Ẹnì kan gbé fóònù sókè kí àwọn ará òkè òkun lè máa wò ó. Wọ́n pè mí. Mo gba máìkì.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà. Ní orúkọ ìdílé bàbá mi..."

Ibi tí mo dé nìyẹn tí ewúrẹ́ dúdú mi, ọmọ èyí tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi, fi gba abẹ́ okùn wọlé. Mo so ó mọ́lẹ̀ kí n tó jáde o. Ó wọ àárín pápá, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó tẹrí ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

"Ẹ lé e! Ẹ lé e!" Ọ̀túnba fò sókè. "Ike olówó iyebíye ló ń jẹ yẹn!"

Ewúrẹ́ gbórí sókè. Yẹ̀ẹ̀pẹ̀ ń já bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn ní: "Ọ̀túnba, láti ìgbà wo ni ike ti ń ta gbòǹgbò?"

Bàbá, ẹ̀rín wó pápá. Àwọn ọmọ ilé-ìwé já okùn wọlé. Ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún, ó ràn wọ́n lẹ́sẹ̀, ó ran irùngbọ̀n ewúrẹ́. Koríko yín ni. Èyí tí ẹ fọwọ́ gbìn, tí ẹ máa ń bá wí bí ọmọ tí kò bá tètè hù. Mi ò mọ ìgbà tí mo bọ́ bàtà mi.

Ojú Ọ̀túnba ti pọ́n. "Ọmọ olè ló ni ewúrẹ́ yẹn! Bàbá ẹ jalè, ewúrẹ́ ẹ náà ń jalè!"

Máìkì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní: "Mo tọrọ àforíjì fún ewúrẹ́. Ti bàbá mi, kí ẹni tó ní òun fún wọn lówó mú ẹni tó rí i wá."

Ohùn mi gba gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì kan. Ó kù díẹ̀ kí n wẹ̀yìn wò pé ta ló sọ̀rọ̀. Torí bí mo ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu, páànù ilé wa ni mò ń rò nínú.

Ọjọ́ kejì, wọ́n gba jẹ́sì lọ́wọ́ mi. Ewúrẹ́ sùn sí ọ́fíìsì àwọn ọlọ́dẹ, adìẹ kan ni mo fi gbà á. Àwọn ará òkè òkun ní kí wọ́n yan kọmítì tuntun tó máa wádìí kọmítì àkọ́kọ́. Àna Ọ̀túnba ni wọ́n fi ṣe alága.

Mi ò lè fara dà á mọ́. Mo wọ ọ̀kadà lọ sí Ìmùṣin, lọ bá káfíńtà tó kan páànù yín.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èló ni bàbá mi ra páànù yẹn?"

"Rà kẹ̀? Ta ló ra páànù? Páànù orí ibi ìjókòó pápá ni. Nígbà tí wọ́n tú u pé àwọn fẹ́ ṣe tuntun, orí koríko bàbá ẹ ni wọ́n dà á sí, ó ń pa á. Bàbá ẹ pariwo títí, kò sẹ́ni tó kó o. Ló bá kó o. Ọ̀sán gangan la fi ọmọlanke tì í kọjá níwájú Ọ̀túnba, ó tiẹ̀ kí wa kú iṣẹ́."

"Ṣé wọ́n fún wọn láṣẹ ni?"

"Ìyẹn ò kàn mí. Káfíńtà ni mí, mi ò kì í ṣe lọ́yà."

Mo jókòó sílẹ̀ níwájú ilé ẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi. Ẹ ò jẹ owó. Páànù lẹ kó. Àmọ́ ṣé ẹ tọrọ ẹ̀ ni? Tó bá jẹ́ ohun tí wọ́n dà nù ni, kí ló dé tí ẹ ò lè sọ fún èmi ọmọ yín? Owó páànù tuntun náà ti wọgbó. Àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù ń jókòó nínú oòrùn títí dòní, èmi ń sùn níbi gbígbẹ. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Mo dìde, mo lọ bá kọmítì tuntun. Kò sẹ́ni tó pè mí. Mo ní: "Owó koríko ò dé ọwọ́ bàbá mi. Páànù àtijọ́ ni wọ́n kó. Ó wà lórí ilé wa. Tí ẹ bá ń fẹ́ ẹ, ẹ mú àkàbà wá, màá bá yín dì í mú."

Wọ́n wo ara wọn. Àna Ọ̀túnba ní: "Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni."

"Kí wá lo fi pamọ́?"

Bàbá, ká ní mo sọ pé ẹ ò kó nǹkan kan ni, wọn ì bá tètè gbà mí gbọ́. Ni obìnrin òkè òkun yẹn bá sọ̀rọ̀ látinú fóònù. Ó ní: "Ọmọ yìí ti sọ ohun tí bàbá ẹ̀ kó. Ẹ̀yin tó kù, ẹ sọ tiyín."

Alága wo fóònù. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Ó pa á. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dáa láti àárọ̀! Gbogbo wọn dìde, wọ́n ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ yín.

Wọn ò tíì mú àkàbà wá. Mò ń retí wọn. Ẹ sùn jẹ́jẹ́, Bàbá.

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín tòun ti páànù tí ẹ kó.