Wọ́n Ní Ìyá Kọ́ Ni Ìyàwó Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí ẹ sùn sẹ́yìn ilé, tí mo wá ń kọ̀wé sí láti iwájú ilé,

Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní Ìyá kọ́ ni ìyàwó yín. Lójú gbogbo èèyàn ni akọ̀wé ìjọba kan ti sọ ọ́ ní Ìlọrin, àtàǹpàkò Ìyá ló sì fi ṣe ẹ̀rí.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ mú Ìyá lọ tẹ̀ka, lọ́dún tí ẹ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè? Ẹ ní Ìyá ni yóò máa gba pẹ́ńṣàn yín bí ẹ ò bá sí mọ́. Ìyá dé pẹ̀lú ìka tí tàdáwà ti sọ di dúdú, wọ́n nà án sí mi, wọ́n ní, “Wò ó, mo ti fọwọ́ sí bàbá rẹ.” Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi gbàgbé rélùwéè. Ìyẹn ò sì wọ́pọ̀, nítorí ẹ̀yin kì í gbàgbé rélùwéè. A ó máa jẹun lọ́wọ́, ẹ ó gbé ọwọ́ sókè kí gbogbo wa dákẹ́, ẹ ó ní ọkọ̀ ojú irin ti kọjá Òkukù. Àwa ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ní báyìí, ó máa ń pẹ́ kó tó kọjá níbí, koríko ti ń hù láàárín irin. Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n sọ ìyẹn fún yín.

Nígbà tí ẹ wà láyé, ẹ ò fẹ́ kí Ìyá máa se ọṣẹ dúdú nínú ọgbà. Ẹ ní èéfín rẹ̀ ń bá yín dé orí ibùsùn. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe opó tán, wọ́n gbé ìkòkò padà sórí ààrò. Ẹ má bínú. Ilé gbọ́dọ̀ jẹun. Ẹ sì mọ Ìyá, wọn ò gbà pé igi ìrokà lè ro ọṣẹ kó jinná dáadáa. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń pò ó, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bù ú, ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń yí i. Omi eérú ò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Díẹ̀díẹ̀ ló jẹ ìka wọn, títí ó fi ń dán bí ìdí àwo tánńganran. A ò kíyè sí i. Ta ló máa ń wo àtàǹpàkò ìyá rẹ̀?

Pẹ́ńṣàn ń wá fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjọba gbọ́ pé àwọn kan ń gba owó òkú tí kì í ṣe ẹbí wọn, ni wọ́n bá ní kí gbogbo opó wá tẹ̀ka tuntun, kí àwọn lè fi wé ti àtijọ́.

Èmi ni mo tẹ̀ lé Ìyá lọ. A tò sábẹ́ igi máńgòrò títí ó fi kàn wá. Akọ̀wé náà ò ju ọjọ́ orí mi lọ. Ó di ìka Ìyá mú, ó tẹ̀ ẹ́ sínú tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ó tún un tẹ̀. Ó mú awò kan tó ń sọ nǹkan di ńlá, ó wò ó, ó mi orí.

“Mama, ìka yìí ò ní ìlà. Ti inú fáìlì ní ìlà. Ẹ lọ pe ìyàwó olóògbé wá.”

“Èmi ni.”

“Ìka yín ò sọ bẹ́ẹ̀, Mama.”

“Ìka mi ò lẹ́nu,” ni Ìyá wí. “Èmi ni mo lẹ́nu, mo sì ti sọ fún ọ.”

Ó pe ẹni tó kàn.

Bàbá, ẹ gbọ́. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn wa ń wo Ìyá bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ inú oko olóko. Ìyá tí wọ́n wẹ ẹsẹ̀ yín nígbà tí ẹ ò lè tẹ̀ ẹ́ nílẹ̀ mọ́. Ó dùn mí pé ẹ ò sí níbẹ̀ láti dáhùn.

A ò tíì jáde tán nígbà tí ọkùnrin kan tó máa ń rìn káàkiri ẹnu géètì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Àǹtí, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Ẹ̀yin lẹ ó tẹ̀ka dípò wọn. A ó yọ ti àtijọ́, a ó fi tiyín síbẹ̀. Ta ni yóò mọ̀?”

Ìyá ti gbọ́. Wọ́n ní, “Èmi ni yóò mọ̀. Ọmọ mi ò ní di ìyàwó bàbá rẹ̀ nínú ìwé ìjọba, kí èmi wá di òkú.” Wọ́n sì dì mí lọ́wọ́ mú lọ sí gáréèjì. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Àjàṣẹ́, wọ́n ní, “A ó padà lọ.”

Alhaji ọ̀rẹ́ yín, tí ẹ jọ ń tún ojú irin ṣe, ló gbà wá nímọ̀ràn. Ó ní ìka tirẹ̀ náà dán bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ ń kó òkúta, ìlà rẹ̀ sì hù padà nígbà tó sinmi. Mo bo ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo gba ìkòkò ọṣẹ lọ́wọ́ Ìyá. Bàbá, ẹ ò rí ogun. Wọ́n ó jókòó sórí àpótí, wọ́n ó ká ọwọ́ lé itan, wọ́n ó máa wò mí bí ẹni tí mo jí nǹkan rẹ̀. “Ṣé o fẹ́ kó jóná ni? Rò ó sísàlẹ̀.” Bí wọ́n bá dìde láti ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò, n ó di ọwọ́ náà mú. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, n ó fi òrí pa á, n ó fi aṣọ wé e. Ṣé ẹ̀yin mọ̀ pé ọwọ́ Ìyá kéré? Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ó tóbi ni.

Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. A padà sí Ìlọrin, Alhaji bá wa lọ. Akọ̀wé yẹn náà la tún bá. Ó tẹ ìka, ó gbé awò, ó wò ó pẹ́.

“Ó ti ń bọ̀, àmọ́ kò pé. Ẹ padà wá nígbà mìíràn.”

Ìyá ò dìde lórí bẹ́ǹṣì. “Mi ò lọ. Mo fẹ́ rí ọ̀gá yín.”

“Mama, a fẹ́ ti ọ́fíìsì.”

“Ẹ tì í. Ẹ ó bá mi níbí lọ́la.”

Mo jókòó sápá ọ̀tún wọn. Alhaji yọ bàtà, ó jókòó sápá òsì. A ò pariwo, a ò bú ẹnikẹ́ni. A kàn jókòó ni. Àwọn akọ̀wé ń gbé àpò wọn kọjá lára wa, ojú ń tì wọ́n láti kí wa.

Nígbà tí ọ̀gá náà jáde, obìnrin ni, ó ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ dání. Ìyá na ọwọ́ méjèèjì sí i. “Àtàǹpàkò nìkan ni wọ́n ń bi léèrè. Ẹ bi àwọn yòókù. Ọ̀kan á mọ̀ mí.”

Obìnrin náà wo ọwọ́ wọn, ó yí i padà, ó tún wò ó. Ó ní, “Ọṣẹ ni ẹ ń ṣe.” Kì í ṣe ìbéèrè. Ó padà wọlé, ó pe akọ̀wé náà, ó ní kó tẹ gbogbo ìka Ìyá. Ó ní bí ti àtijọ́ ò bá wúlò mọ́, a ó kọ tuntun, kí ẹni tó mọ̀ wọ́n pẹ̀lú olóògbé jẹ́rìí sí i. Alhaji dìde. Ó ní, “Mo jẹ oúnjẹ obìnrin yìí ní gbogbo ọdún tí a fi ṣiṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ kì í jẹ ẹ́ tán láìfún mi.” Ó jókòó.

Ìka ọmọńdinrín ló mọ́ jù lọ. Gbogbo ìlà rẹ̀ ló yọ. Ìyá wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Èyí tí kì í ṣiṣẹ́ rárá ni ìjọba mọ̀.” Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, akọ̀wé náà ò rẹ́rìn-ín.

Pẹ́ńṣàn yín ti ń wọlé padà, Bàbá. Ìyá sì ti padà sídìí ọṣẹ. Mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ náà pamọ́, wọ́n ní àwọn ò ní fi ọwọ́ pamọ́ nítorí tàdáwà.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la tún lọ, torí wọ́n ń pe àwọn opó padà lóòrèkóòrè láti tẹ̀ka. Tiwa tètè parí, Ìyá ti di àpò wọn, mo rò pé gáréèjì là ń lọ. Ìgbà náà ni wọ́n lé obìnrin kan tó wá láti Ilémọ̀nà kúrò nídìí tábìlì. Ẹ̀gẹ́ ló ń bó fún àwọn tó ń ṣe gàrí, ọ̀bẹ ti ṣá gbogbo àtàǹpàkò rẹ̀. Ó ń nu ojú, ó ti kọjú sọ́nà. Ìyá gbá a lápá mú. “Má lọ sílé.” Wọ́n fà á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwọn náà sì jókòó tì í.

Akọ̀wé náà yọjú. “Mama, tiyín ti parí.”

“Mo mọ̀.”

“Kí lẹ wá ń dúró dè?”

“Òun ni.”

Mo gbé àpò Ìyá kalẹ̀, mo jókòó.

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ yín, Bàbá.

Èmi ni ọmọbìnrin yín, tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn rẹ̀.