Apá Bàálù Tí Mi Ò Yẹ̀ Wò

Màámi,

Ara mi le koko. Ọ̀gá mú àwọn àlejò wá síléeṣẹ́ wa. Ó ní kò sóhun tí bàálù nílò tí wọn kì í ṣe lágbègbè yìí, pé àwa tá à ń yẹ apá ẹ̀ wò ò láfiwé. Orí mi wú. Àfi bí mo ṣe rí ìwé àyẹ̀wò apá bàálù kan tí wọ́n fi orúkọ mi fọwọ́ sí lọ́jọ́ tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ sílé.

Mo ní kí wọ́n tú apá náà wò. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín: "Ìwọ náà, o ti gbàgbé pé ìwọ lo fọwọ́ sí i ni."

Wọn ò tú u. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí n lọ máa ṣiṣẹ́ ní yàrá irinṣẹ́. Mo ń gbádùn ẹ̀.

Ẹ bá mi kí bàámi. Ẹ sọ fún àbúrò mi kó má tíì wọ bàálù wá kí mi. Tó bá bèèrè ìdí, ẹ ní òtútù pọ̀ níbí.