Ìgbésí Ayé Màmá Wa Ghislaine Hennebicq, Tó Kọ̀ Láti Sọ Gbólóhùn Kan

Ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1941 ni wọ́n bí Ghislaine sí abúlé Morlies ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, tí kò ju ìrìn wákàtí kan lọ sí Fontenoy. Fidèle Carlier ni bàbá rẹ̀, tó ń fọ́ òkúta ẹfun fún oúnjẹ òòjọ́ ní ẹ̀bá Antoing. Zélie, ọmọ àgbẹ̀ ará Fontenoy, ni ìyá rẹ̀. Òun ni àkọ́bí. Reine, àbúrò rẹ̀, wà láàyè, ó sì jókòó ní ìlà iwájú lónìí. Ogun ń jà lọ́dún tí wọ́n bí i. Omi gbígbóná ni wọ́n fi ṣe àlejò àwọn tó wá kí ìyá ọmọ, torí kò sí kọfí.

Gbogbo ẹni tó ń túlẹ̀ ní agbègbè wa ló mọ̀ pé ilẹ̀ yìí máa ń pọ ọta ìbọn jáde, ọta òjé ti ogun ọdún 1745 tí àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà ní Fontenoy. Fidèle máa ń ṣà wọ́n sínú agolo kọfí, á sì so wọ́n mọ́ okùn ìwọ̀ rẹ̀ kó lè rì, tó bá fẹ́ pẹja lódò Escaut. Nígbà tí Ghislaine pé ọmọ ọdún méje, ó bi bàbá rẹ̀ pé kí ni àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Bàbá rẹ̀ ní, "Àwọn tí kò ba èèyàn ni."

"Àwọn tó ba èèyàn ńkọ́, Pàpá?"

"Ìyẹn wà lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín."

Ó máa ń sọ fún wa pé ìdáhùn yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ tí òun kọ́ nípa ogun, pé àlàyé lásán ni ìyókù.

Ọdún 1955 ló fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ó lọ ń fọ bíìtì, gbòǹgbò tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà, ní ilé iṣẹ́ ṣúgà. Kò sí ìwé ẹ̀rí kankan lára ògiri ilé wa. Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ wá a. Ìwé tó kà, lórí tábìlì ilé ìdáná ló ti kà á, pẹ̀lú àmì òróró bíríkítí ní etí ojú ewé.

Lọ́dún 1962, ó fẹ́ Achille Hennebicq, awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Ilé iṣẹ́ tí Achille ń bá ṣiṣẹ́ máa ń kó èèyàn lọ wo àwọn pápá ogun àtijọ́: Ramillies lọ́jọ́ Ẹtì, Malplaquet lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Fontenoy lọ́jọ́ Àìkú. Ghislaine máa ń wá pàdé wọn ní Fontenoy pẹ̀lú kọfí àti kéèkì ṣúgà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1974, ohùn afinimọ̀nà wọn há. Bọ́ọ̀sì kún fún àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ghislaine gbé agbọ̀n kéèkì kalẹ̀, ó sì mú wọn rìn wọ inú oko bíìtì. Láti ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ náà di tirẹ̀. Wọ́n fún un ní báàjì onírin láti fi sí àyà.

Kì í mú èèyàn lọ sórí òkè tí ọba Faransé ti dúró wo ogun náà. Á ní kí ìdajì wọn tò síhìn-ín, kí ìdajì tò sí ọ̀hún, ìṣísẹ̀ àádọ́ta láàárín wọn, kí èjìká kan èjìká. Á wá ní, "Ẹ wo ojú ẹni tó kọjú sí yín. Ẹ má sọ̀rọ̀." Wọn á dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹsẹ̀ wọn á fi rì sínú ẹrẹ̀.

Ìtàn kan wà tí gbogbo ayé fẹ́ràn nípa Fontenoy, pé àwọn ọ̀gágun ṣí fìlà fún ara wọn, tí ọ̀kan nínú àwọn Faransé sì bẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n kọ́kọ́ yìnbọn. Màmá wa kì í sọ ọ́. Ó ní, "Bóyá wọ́n sọ ọ́, bóyá wọn ò sọ ọ́, mi ò sí níbẹ̀. Àmọ́ wọn ò bi ẹni tó wà ní ìlà iwájú."

Nígbà kan, ọkùnrin kan láti Arras fi ṣe àwàdà láti orí ìlà: "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yìnbọn o, ẹ̀yin ọlọ́lá."

Màmá ní, "Ó dáa. Ẹ dùbúlẹ̀. Ẹ ti kú."

"Nínú ẹrẹ̀ yìí, Màdáámù?"

"Bẹ́ẹ̀dì ò sí nígbà yẹn."

Ó dùbúlẹ̀ títí Màmá fi sọ̀rọ̀ tán. Nígbà tó dìde, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọdọọdún ló ń fi káàdì ránṣẹ́ títí ó fi kú.

Ọdún 1988 ni ilé iṣẹ́ náà gba ọ̀gá tuntun, Thierry Quenon. Ó tẹ ọ̀rọ̀ tí gbogbo afinimọ̀nà gbọ́dọ̀ sọ sínú ìwé, gbólóhùn ọlọ́lá yẹn sì wà níbẹ̀.

Ó sọ fún Màmá pé, "Gbólóhùn yẹn làwọn èèyàn ń torí ẹ̀ wá, Màdáámù."

"Kí wọ́n lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì."

"Gbólóhùn kan péré ni."

"Tó bá jẹ́ kan péré ni, ó rọrùn fún yín láti yọ ọ́."

Quenon gba báàjì lọ́wọ́ Màmá lọ́jọ́ náà. Ó sì pàṣẹ fún Achille pé kò gbọ́dọ̀ dúró níbi oko bíìtì mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Bàbá fi wa bọ́ọ̀sì kọjá lójú ìyàwó rẹ̀, tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà nínú òjò. Ọmọ méjì gbọ́dọ̀ jẹun, a ò bá a wí. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ó tẹ bíréèkì síwájú oko náà, ó ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tọ̀. Ó máa pẹ́ díẹ̀." Àwọn èrò sọ̀kalẹ̀, Màmá sì tò wọ́n sí ìlà.

Ọdún mọ́kànlá ló fi ń tọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Quenon bi í pé irú àìsàn wo nìyí, ó ní, "Ọ̀gá, ọjọ́ Àìkú nìkan ló máa ń dé." Wọn ò rí awakọ̀ míì tó mọ ọ̀nà bíi tirẹ̀, ni wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀. Bàbá fẹ̀yìn tì lọ́dún 1999, ó kú lọ́dún 2009. Màmá ò dáwọ́ iṣẹ́ náà dúró. Gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Morlies ló ti dúró nínú ẹrẹ̀ yẹn.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni tirẹ̀. Lọ́jọ́ ìrántí àwọn òkú, á tan àbẹ́là méjì, ọ̀kan fún àwọn èèyàn rẹ̀, ọ̀kan fún àwọn tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn.

Ó kú lọ́jọ́ kọkànlélógún oṣù kọkànlá ọdún 2023, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Ó fi ọmọ méjì sílẹ̀, Léontine àti Firmin. Ọmọ-ọmọ mẹ́rin, Maëlle, Corentin, Aubin àti Sidonie. Àti Lubin, ọmọ Maëlle, tí kò tíì rìn. Ọta kọ̀ọ̀kan láti inú agolo Fidèle ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

Lẹ́yìn tó kú, ilé iṣẹ́ náà dá báàjì rẹ̀ padà nínú àpótí kékeré, pẹ̀lú òdòdó tí wọ́n kọ gbólóhùn ọlọ́lá yẹn sí ara ọ̀já rẹ̀ ní àwọ̀ góòlù. A dá méjèèjì padà. Màmá ti sọ fún Léontine ní ọsibítù pé, "Tí wọ́n bá gbé irin yẹn wá, ẹ má gbà á. Ó máa ń ya aṣọ."

Lẹ́yìn ìsìn, a ò ní gba ọ̀nà ọlọ́dà. Oko bíìtì la máa gbé e gbà. Ẹ wọ bàtà tó nípọn. Ẹbí á tò sí apá kan, ẹ̀yin yòókù á tò sí apá kejì, ìṣísẹ̀ àádọ́ta láàárín, a ó sì gbé e gba àárín kọjá. Bí àwọn ará ilé iṣẹ́ náà bá wá, àyè wà fún wọn lórí ìlà. Ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀.

Ẹ sinmi, Màmá. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ yìnbọn, ẹ̀yin kọ́ lẹ sì kọ́kọ́ sá. Ẹ sùn ire o.