Oúnjẹ Ọmọ Tí Mo Fọwọ́ Mi Pò

Mi ò lè kọ orúkọ mi síbí, ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí. Ọmọ kan ń ṣàìsàn ní Okokomaiko. Wọ́n fẹ́ lé ìyá bàbá ọmọ náà kúrò nílé lópin oṣù yìí, wọ́n ní ọwọ́ ìyá náà ló wà nínú àìsàn ọ̀hún. Èmi sì rò pé mo mọ ohun tó ń ṣe ọmọ náà, ẹnu mi ò kàn gbà á ni. Ẹnu mi ò gbà á rárá! Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó ya wèrè.

Ṣé ẹ rí i, sáyẹ́ńtíìsì ni mí, Ìbà Housing Estate ni mò ń gbé, inú lab ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ ọmọdé lójú ọ̀nà Badagry ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọṣẹ́, òkè òkun ni gbogbo nǹkan tí a fi ń ṣe oúnjẹ náà ti ń wá, àwọn òyìnbó ló wà nídìí research, àwa kàn ń fọ ìgò fún wọn ni. Ìgbà tí náírà wá já wálẹ̀, tí wọ́n ní kí kálukú máa lo ohun tó wà nílẹ̀ yìí, àwọn òyìnbó kó ẹrù wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Nínú àwa tó kù, ẹni tí kò bá lè yí padà, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Èmi? Èmi yí padà o! Mo kó àgbàdo, sóyà àti ẹ̀pà wa, mò ń pò ó, mò ń dà á nù, mo tún ń pò ó, títí mo fi rí èyí tó dùn ju ti òyìnbó lọ. Inú ọ̀gá mi dùn débi pé wọ́n mú mi káàkiri gbogbo ọ́fíìsì. Bọ̀ọ̀dá ni mo máa ń pè wọ́n, nítorí ará ìlú kan náà ni wá ní Èkìtì. Àwọn ni wọ́n mú mi wọṣẹ́. Àwọn ni wọ́n dúró bíi bàbá fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, torí bàbá mi ti kú. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi.

Níbi iṣẹ́ wa, oúnjẹ tí a bá ń dán wò, àwa staff la máa ń gbé e lọ fún àwọn ọmọ àdúgbò, ká lè mọ̀ bóyá ọmọ á jẹ ẹ́ tàbí á tu ú dànù. Ìyá Tóbi tó ń dirun fún mi ní Okokomaiko ni mo gbé tèmi fún. Áà, Tóbi jẹ ẹ́! Á máa fọwọ́ gbá agolo tó bá ti tán. Gbogbo obìnrin tó bá wá dirun ni ìyá ẹ̀ ń sọ fún pé Àǹtí òun tó jẹ́ sáyẹ́ńtíìsì ló ṣe é. Orí mi wú. Kí n má parọ́, orí mi wú gan-an.

Òjò ọdún yìí ló ba nǹkan jẹ́. Ẹ̀pà tí wọ́n kó bọ̀ láti òkè Ọya, wọ́n já a kalẹ̀ lẹ́bàá ọjà Alaba Rago, mọ́tò ilé iṣẹ́ ò tètè lọ kó o, òjò pa àwọn àpò náà. A ní lámpù kan ní lab tí a máa ń tàn sí ẹ̀pà nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Èyí tó bá ti bu, tó ti ní májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, á máa tàn láwọ̀ búlúù. Mo tan lámpù... ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo orí tábìlì ló ń tàn. Mo sáré tọ Bọ̀ọ̀dá lọ. Wọ́n ní lámpù yẹn ti gbó, pé tí a bá da ẹ̀pà náà nù ilé iṣẹ́ á tì, pé ṣé mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n fẹ́ fi ṣe Head of Research ni, obìnrin àkọ́kọ́, kí n ṣáà máa bá ìgbà yí. Kí ni mo ṣe? Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣé sà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ojú ẹni tó fà mí lé ọkọ lọ́wọ́ kí n ní irọ́ ni wọ́n ń pa? Nígbà tí mo dé lab lọ́jọ́ kejì, lámpù ò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní wọ́n gbé e lọ tún ṣe. Títí di òní wọn ò gbé e dé, oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀pà náà ṣe sì ti wà lọ́jà.

Mo lọ dirun lọ́sẹ̀ tó kọjá. Tóbi wà lórí ẹní, kò rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹyinjú ẹ̀ ti di yẹ́lò, ikùn ẹ̀ sì le. Wọ́n ti ra oògùn ibà pọ́njú fún un ní kẹ́místì, kò lọ. Wọ́n gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì wọn, obìnrin kan níbẹ̀ ní ọwọ́ tó ń wẹ ọmọ náà ni kí wọ́n wò. Ta ló sì ń wẹ̀ ẹ́? Màmá Ìsẹ́yìn ni, ìyá bàbá Tóbi, tí wọ́n wá bá wọn tọ́jú ọmọ. Látìgbà yẹn, màmá ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan Tóbi mọ́, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń jókòó sí, ẹrù wọn ti wà nínú àpò. Ọmọ bíbí inú wọn kì í kí wọn mọ́. Màmá fà mí lọ́wọ́, wọ́n ní èmi tí mo kàwé, kí n bá àwọn bẹ ọmọ àwọn... mo ní màá fi í sádùúrà. Àdúrà! Èmi tí mo mọ ohun tí mo mọ̀! Mo gbé agolo oúnjẹ náà kúrò níbẹ̀, mo parọ́ pé ó ti pẹ́ jù. Ìyá Tóbi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, nígbà tí mo sì padà lọ wò ó, ó ti ra tuntun.

Àbí ibà pọ́njú lásán ni? Àbí èmi ni mò ń da ara mi láàmú? Lámpù ò sí, ẹ̀rí ò sí. Tí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn, ọkọ mi sì ti wà nílé látìgbà tí ibi iṣẹ́ tiẹ̀ ti kógbá sílé. Tí mi ò bá sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ọmọ mélòó ló tún ń jẹ ẹ́ ní Ìbà, ní Ọ̀jọ́, nínú bárékè?

Lánàá, mo mọ́kàn le, mo sọ fún Bọ̀ọ̀dá pé ọmọ kan tó ń jẹ oúnjẹ wa ń ṣàìsàn. Wọn ò bínú. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Wọ́n rọra ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní ta ni bàbá ọmọ náà, àdúgbò wo ni wọ́n ń gbé, ṣé mo ti sọ fún ẹlòmíì... mo sì dáhùn gbogbo ẹ̀ bí ọmọ iléèwé! Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ sílé, wọ́n sìn mí dé ìdí mọ́tò, ohun tí wọn ò ṣe rí, wọ́n fọwọ́ ara wọn gbé páálí oúnjẹ náà kan sí búùtù mi. Wọ́n ní kí n gbé e fún Tóbi, kí n sọ pé àwọn ni wọ́n fi ránṣẹ́, pé àwọn fúnra wọn á yà wò ó. Mo tún ní ẹ ṣé sà.

Páálí náà wà ní pálọ̀ mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá? Ìyá Tóbi ni, àbí màmá Ìsẹ́yìn? Báwo ni mo ṣe máa lanu sọ ọ́? Ẹ bá mi dá sí i, ẹ sì tètè dá mi lóhùn, nítorí ọmọ yẹn ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, ó tún ń jẹ ẹ́ lálẹ́.