Ohun Tí Ajá Yín Jẹ Lẹ́yìn Yín

Adja-Ouèrè, ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n tí ẹ ti lọ

Bàbá mi, ẹ̀yin tí mò ń kọ̀wé sí láì ní àdírẹ́ẹ̀sì yín,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ má bínú pé mo jókòó kọ ọ́. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kì í lè di gègé mú dáadáa.

Ará ilé wà. Àgbàdo yín tó wà lọ́nà Oko-Akarè ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀yà sì ń wá jẹ ẹ́ lọ́sàn-án gangan bí ẹni tí a ránṣẹ́ pè. Ìjọba tún ti yí padà. Rédíò kọ orin ológun títí kí wọ́n tó sọ ẹni tó kàn fún wa. A ti yọ àwòrán olórí ìlú tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri, a kò sì tíì lẹ òmíràn. Màmá ní kí a jẹ́ kí wọ́n parí ná.

Gbogbo ìyẹn ni mo fi ń fa ọ̀rọ̀ sẹ́yìn. Ohun tó wà nídìí lẹ́tà yìí ni ajá yín. Bí ẹnikẹ́ni bá ti dé ọ̀dọ̀ yín láti ìhín, yóò ti sọ fún yín pé Tanímọ̀la kú nítorí pé kò lè dúró láyé lẹ́yìn yín. Ẹ má gbà á gbọ́. Èmi ni mo pa á.

Tẹligíráàmù tí wọ́n fi pè mí wálé láti Kútọnu pẹ́ lọ́nà. Nígbà tí mo fi sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, simẹ́ǹtì ti gbẹ lórí ibojì yín nínú yàrá. Ṣokoláàtì dúdú méjì wà nínú àpò mi, irú èyí tó korò, tí mo rà fún yín nítorí ẹ ní ohun dídùn ń ro yín léyín. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àpò náà lọ́wọ́ bí ẹni tó wá ta ọjà.

Ẹ mọ àṣà ilé wa. Títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé, a óò máa bu oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ olóògbé bí ẹni pé ó ṣì ń bọ̀ láti oko. Àkọ́bí ni yóò gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibojì, ajá olóògbé yóò sì jẹ ẹ́, nítorí ajá ni ẹnu tó kù fún un láyé. Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín, ló gbé àwo náà lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n ṣe é bí ọmọ tó kàwé.

Bí ọmọ tó kàwé náà ni mo ṣe é.

Mo mọ̀ pé nígbà tí ẹ wà láyé, ajá yín kì í jẹ nínú ọbẹ̀ yín. Ẹ ó jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ọkùnrin gìrìpá, ẹ ó máa ṣọ́ ìkòkò. Kí Màmá tó da àlùbọ́sà sí i, ẹ ó ní kí wọ́n bu ti Tanímọ̀la sọ́tọ̀. Àwọn obìnrin ilé á máa fi yín ṣẹ̀fẹ̀, wọn á bi yín bóyá ajá náà lóyún ni. Ẹ kì í dáhùn. Bí a bá ń fún ẹ̀gẹ́ láti ṣe gàrí, ẹ ó so ajá náà mọ́lẹ̀ kí ó má baà lá omi tó ń kán lábẹ́ àpò. Ẹni tó bá ju egungun adìẹ sí i, ẹ ó bá a jà. Ẹni tó bá da ìsàlẹ̀ ife ọtí sódàbì sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹ ó bá a jà jùyẹn lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé káfé wá sílé tí mo fẹ́ fún ajá náà ní àmukù rẹ̀, ẹ gbá mi lọ́wọ́, èmi tí mo ti ń fá irùngbọ̀n. Ẹ ní èèwọ̀ rẹ̀ ni.

Èmi ń kọ́ṣẹ́ iná mànàmáná nígbà náà, ní ìlú tó ní iná, kí n lè wá máa gbé ní ìlú tí kò ní. Mo rí i pé èèwọ̀ ajá jẹ́ ohun tó yẹ kí ayé gbọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́ wa: àgbẹ̀ kan wà ní ìgbèríko tí ajá rẹ̀ ní èèwọ̀ ju olórí abọrẹ̀ lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mi ò dárúkọ yín níbẹ̀. Mo rò pé ìyẹn ni ọ̀wọ̀. Ǹjẹ́ ẹnì kan kà á fún yín rí? Mo ń bẹ Ọlọ́run kí ó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹ wá wo bí mo ṣe ronú. Mo ní oúnjẹ Bàbá ni mò ń bù, kì í ṣe oúnjẹ ajá. Bàbá sì fẹ́ràn àlùbọ́sà. Ẹ máa ń jẹ ẹ́ ní tútù pẹ̀lú ẹ̀kọ, bí ẹlòmíràn ṣe ń jẹ ẹran. Ìyàwó Bàbá Àgbà ló ń se ọbẹ̀ nítorí Màmá wà nínú opó, wọn kì í wọ ilé ìdáná. Èmi yóò wá din àlùbọ́sà mẹ́rin lé e lórí, kí ẹ lè mọ̀ pé ọmọ yín ti dé láti Kútọnu.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Tanímọ̀la gbóòórùn rẹ̀, ó sì gbé ojú sókè wò mí. Mo ní, "Jẹ ẹ́, Bàbá ló ni ín." Ó jẹ ẹ́.

Láti ọjọ́ karùn-ún ni kò ti lè sáré mọ́. Ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun nínú. Ó ń tọ̀ bí omi káfé. Mo rí gbogbo rẹ̀, mo sì pè é ní ọ̀fọ̀. Lọ́jọ́ keje, láàárọ̀, mo ní kí n fún yín ní ṣokoláàtì yín náà. Mo kán méjèèjì sínú àwo. Lọ́sàn-án, ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí ilé po, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn tó wá kí wa ní ó ti rí yín. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orí ibojì yín la ti bá a, níbi tí simẹ́ǹtì ti tutù. Ó ti gan.

Bàbá Àgbà dúró lórí rẹ̀, wọ́n káwọ́ lérí. "Ẹ wá wò ó! Ẹ wá wo ajá tó bá olówó rẹ̀ lọ! Èwo nínú ẹ̀yin èèyàn ló lè ṣe é?"

Wọ́n sọ ọ́ dé ìlú Tatonnonkon. Wọ́n sọ ọ́ dé Kpoulou. Nígbà tí ìtàn náà fi padà dé ilé wa, ajá ti sunkún, ó sì ti bọ̀ mí lọ́wọ́ pé ó dìgbóṣe. Àwọn èèyàn ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òótọ́ ni. Mo ń mi orí. Bàbá, mo tiẹ̀ fi kún un níbì kan.

Lọ́jọ́ kejìlá, mo lọ sí Pobè láti gba ìwé ikú yín. Ọkùnrin kan tó ń fún màlúù lábẹ́rẹ́ ń dúró de ìwé tirẹ̀ níbẹ̀, dókítà ẹran ọ̀sìn. Nítorí kí àkókò lè lọ, mo sọ ìtàn ajá yín fún un. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí.

Ó ní, "Akọ̀wé, kí ni ẹ fún un jẹ?"

Mo ní, "Oúnjẹ rere."

"Oúnjẹ rere wo?"

Mo sọ fún un. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Ṣé ó tọ̀ dúdú?"

"Ó tọ̀ dúdú."

"Ẹ sì ń wò ó?"

"A rò pé ọ̀fọ̀ ni."

"Ọ̀fọ̀ wo ló ń bá ìtọ̀ jáde?"

Ó wá ṣàlàyé pé àlùbọ́sà, tútù tàbí dídín, díẹ̀díẹ̀ ló ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ṣokoláàtì sì ń mú ọkàn rẹ̀ sáré títí yóò fi dákẹ́. Ó ka àwọn yòókù lórí ìka fún mi: káfé, ọtí, egungun adìẹ tí a ti sè, omi ẹ̀gẹ́. Bí a bá yọ ṣokoláàtì kúrò, ẹnu yín ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èdè Faransé ni òun fi sọ tirẹ̀, nítorí náà mo gbà á gbọ́.

Ìbá ṣe pé ibẹ̀ ni ó parí sí, ǹ bá mú ìtìjú mi padà sí Kútọnu, kí n máa bá a gbé bí alájọgbélé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí ilé kún, Bàbá Àgbà yíjú sí Màmá lórí ẹní opó wọn, wọ́n ń ṣàwàdà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

"Ìyàwó, ajá ti bá a lọ o! Ìwọ ṣì ń tú ewé ẹ̀kọ!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀kọ wọn ṣe ń lọ ló ń padà, ewé rẹ̀ kò tú. Wọ́n á ní inú àwọn kún. Wọ́n á ní kí a gbé e fún àwọn ọmọdé. Wọ́n ń fi ara wọn wé ajá, Bàbá, wọ́n sì rò pé ajá ló borí.

Mo mọ̀. Èmi nìkan ló mọ ohun tó lè mú wọn jẹun, mo sì pa á mọ́ sínú. Mo ń wí lọ́kàn mi pé bí mo bá sọ ọ́, màá gba iyì tí ìtàn náà fún yín lọ́wọ́ yín. Irọ́ ni. Iyì tèmi ni mò ń ṣọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi ṣọ́ ọ. Ní ọjọ́ kẹwàá, Màmá dìde láti lọ wẹ̀. Ògiri ni wọ́n dì mú. Ọwọ́ tí wọ́n fi dì í mú ti gbẹ bí igi ìdáná.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Màmá bi mí:

"Àlùbọ́sà mélòó?"

"Mẹ́rin, Màmá."

"Lóòjọ́?"

"Lóòjọ́."

"Bàbá rẹ fúnra rẹ̀ kò jẹ mẹ́rin lóòjọ́ rí. Ta lo ń bọ́, gbogbo sọ́jà Kútọnu?" Wọ́n nàka sí mi. "O wá ń wò mí tí mò ń dá ẹ̀kọ padà."

"Mo ń wò yín, Màmá."

"Gbé e wá."

Wọ́n jẹ ẹ̀kọ mẹ́ta, wọn kò sì gbé ojú kúrò lójú mi. Ìbínú ni wọ́n fi jẹ ẹ́, bí ẹlòmíràn ṣe ń fi ẹran jẹ ẹ́.

Wọ́n ní kí n lọ pe Bàbá Àgbà, kí n tún gbogbo rẹ̀ sọ níwájú wọn. Mo tún un sọ. Bàbá Àgbà fi ìka di etí.

"Pa ẹnu mọ́! Mo ti sọ ọ́ dé Kpoulou. Ṣé o fẹ́ kí n tún gbogbo ọ̀nà yẹn rìn padà nítorí àlùbọ́sà?"

Màmá ní, "Bàbá, ẹ máa sọ ọ́ lọ níta. Nínú ilé yìí, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ajá yẹn bú mi mọ́."

Bàbá Àgbà kò lè wo ojú wọn. Wọ́n ní àwàdà ni àwọn ń ṣe, wọ́n sì wá fìlà wọn tó wà lórí wọn títí.

Lẹ́yìn náà ni Màmá bi mí pé láti ìgbà tí ajá ti kú, ta ló ń jẹ oúnjẹ yín. Mo ní adìẹ ni.

"Adìẹ! Láti òní lọ, ìwọ ni. O pa ẹnu tó ń bá a jẹun. Fi tìrẹ dí i."

Bó ṣe rí nìyẹn láti bí ọjọ́ mẹ́sàn-án sí òní. Ní ìrọ̀lẹ́, mo ń jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì yín, àwo yín á wà láàárín ẹsẹ̀ mi. Àwọn èèyàn ń ti Tatonnonkon wá wo ibi tí ajá olóòótọ́ kú sí, èmi ni wọ́n sì ń bá níbẹ̀, akọ̀wé oníwèé-ẹ̀rí, tí mò ń lá ọwọ́. Bí wọ́n bá béèrè ohun tí mò ń ṣe, Màmá á dáhùn láti orí ẹní wọn: "Ẹ jẹ́ kó jẹun." Mi ò ní nǹkan kan tí mo lè fi kún un.

Ṣé ẹ lè dárí jì mí? Ṣé ajá yín bá yín sọ ọ́ ni, tàbí ó pa á mọ́ fún mi? Ẹ̀yin nìkan ni mo lè bi, ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò sì lè dáhùn.

Ìrọ̀lẹ́ òní, ẹ̀kọ mẹ́rin ni wọ́n bù, ọbẹ̀ náà sì níyọ̀. Mo jẹ méjì, mo yó, mo fẹ́ gbé àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbójú sókè. Màmá ti tú ewé ẹ̀kọ tiwọn, wọ́n bù ú lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn dúró nítorí tèmi dúró. Mo tú ewé ìkẹta. Wọ́n jẹ díẹ̀ sí i. Mo tú ìkẹrin.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń jẹ ìpín yín, tó sì ń jẹ ẹ́ tán.