Màmá Winifred Tranter, Ẹni Tó Wádìí Ilé Hallowick (1931–2021)

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1931, nínú ilé kékeré tó wà lẹ́nu géètì ilé ńlá Hallowick, ní ìgbèríko Shropshire, ni a bí Màmá wa, Winifred. Olóògbé Ambrose Pugh, olùtọ́jú ọgbà, ni bàbá wọn. Hester, alágbàfọ̀ ilé ńlá náà, ni ìyá wọn. Ilé ìwé abúlé ni wọ́n lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n nígbà tí wọ́n ka fèrèsé ilé ńlá: láti ìta, mẹ́tàlélógún, láti inú, méjìlélógún.

Nígbà tí wọ́n béèrè ibi tí ọ̀kan yòókù wà, bàbá wọn ní, "Winnie, ẹnu ẹ ò tiẹ̀ ní sinmi ni? Ilé onílé nìyẹn!"

Igba ọdún ni ìdílé Delamore fi gbé ibẹ̀. Àrólé wọn kan ṣoṣo kú sójú ogun, wọ́n sì ta ilé náà ní 1952 fún Ọ̀gbẹ́ni Godfrey Stubbs, oníṣòwò gẹdú, tó fẹ́ wó o kó lè ta òkúta rẹ̀. Màmá, tí wọ́n ti di òṣìṣẹ́ inú ilé nígbà náà, lọ bá a.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó wó o, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn ògiri òkè yẹn, níbi tí fèrèsé kan ti sọnù."

"Kí ló máa wà níbẹ̀ ju eku lọ?" Síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbé òòlù fọ́ ògiri náà.

Yàrá kékeré kan ló wà níbẹ̀. Wọ́n ya àwòrán sára ògiri rẹ̀: obìnrin kan tó di kọ́kọ́rọ́ mú, alásè, olùṣọ́ àgùntàn, àti ajá kan. Stubbs gbé òòlù sílẹ̀.

"Ta làwọn wọ̀nyí?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Lọ wádìí ẹ̀. Títí wàá fi mọ̀ ọ́n, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan òkúta kan níbí."

Ọdún mẹ́fà ni Màmá fi yẹ àwọn ìwé àtijọ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì wò ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé Reginald Tranter, alágogo ìjọ. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1956. Ní 1958, ìwé ẹjọ́ kan tú àṣírí náà. Joan Aldersey ni obìnrin ọ̀hún, opó tó kọ̀ láti kó jáde nínú ilé náà fún àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ ní 1611. Àwọn tó dúró tì í ni Joan ní kí wọ́n yà sára ògiri. Nígbà tó kú, àwọn àbúrò ọkọ mọ yàrá náà pa. Orúkọ gbogbo wọn ni Màmá rí, àfi ti ajá.

Stubbs ní, "Wó ilé kẹ̀? Èmi náà fẹ́ mọ orúkọ ajá yẹn!"

Ó gbé ibẹ̀ títí ó fi kú ní 1974, ó sì fi ilé náà sílẹ̀ fún abúlé. Màmá ń mú àlejò yípo rẹ̀ títí di 2019, wọ́n sì ń to òdòdó sí ṣọ́ọ̀ṣì láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi.

Ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn wọn ní ilé ìwòsàn, wọ́n bi nọ́ọ̀sì pé, "Ọmọ mi, ta ló lo bẹ́ẹ̀dì yìí kí n tó dé?" Nọ́ọ̀sì kò mọ̀. Ó lọ béèrè.

Wọ́n sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá ọdún 2021. Ọmọ méjì, Rosalind àti Clement, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ márùn-ún, ló gbẹ̀yìn wọn.

Màmá, ẹ lọ sinmi ní ibi tí ohun gbogbo ti hàn kedere. Ẹ sùn re.