Ibi Tí Mo Rò Pé Orí Ọmọ Wà

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Kẹta
Ojú tì mí. Ó ti lé lóṣù kan tí mo ti ń gbé ọwọ́ lé ibi tó le lábẹ́ ìdodo mi láràárọ̀, kí n tó jókòó sídìí maṣíìnì ìránṣọ: "Orí ọmọ mi, ṣé o jí ire?" Lónìí dókítà ya àwòrán inú mi, ó nàka sí i. Kì í ṣe orí. Kókó ni — fáíbírọ́ìdì. Ọmọ dùbúlẹ̀ gbalaja, orí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Ọkọ mi, Ọ̀gá Jẹ́jẹ́, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Ọjọ́bọ̀, 7
Mo sọ kókó náà ní Ayálégbé. Kò bèèrè àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ajé, 11
Iṣẹ́ abẹ ni wọn ó fi gbé ọmọ. Mo ní, bí ẹ bá ti là á, kí ló dé tí ẹ ò ní yọ kókó náà pọ̀? Dókítà ní àwọn ọ̀gá tó kọ́ òun kì í fọwọ́ kàn án. Ẹ̀jẹ̀ lè ya. Bí kò bá dá, wọ́n lè yọ ilé-ọmọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ayálégbé jókòó síbi tí abẹ máa gbà gan-an, nítorí náà ó ní kí n lọ rò ó wò, bóyá kí òun yọ ọ́.
Mo bi í pé irú òwú wo ló fi ń rán ilé-ọmọ padà. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò ṣàwàdà. Ó ní òwú tó ń yòrò fúnra rẹ̀ ni, ìpele mẹ́ta. Mẹ́ta. Èmi aránṣọ, méjì ni mò ń rán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12
Ìyá ọkọ mi ní: "Ìyàwó mi, gba ọmọ, fi ìyókù sílẹ̀. Ẹni tó ń lé eku méjì á pòfo." Mo ṣì fẹ́ bí òmíràn lẹ́yìn èyí. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 15
Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ lọ fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ dè mí. Ó rí abẹ́rẹ́, ojú ẹ̀ yí. Mo buwọ́ lùwé: kí wọ́n yọ ọ́, bó bá ṣeé yọ.

Ọjọ́ Ajé, 18
Ọ̀la ni.

Ọjọ́bọ̀, 21
Òní ni mo tó lè di bírò mú. Níjẹta, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn. Ìsàlẹ̀ mi kú, etí mi là sílẹ̀. Mo gbọ́ ẹkún ọmọ. Obìnrin. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ ya. Nọ́ọ̀sì ń ka aṣọ tí wọ́n fi ń nu ẹ̀jẹ̀, ó ti kọjá ogún. Dókítà ní kí wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ wá. Mo bi í pé ṣé ilé-ọmọ mi ṣì wà. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Mà, mò ń rán an lọ́wọ́."
Ọkàn mi balẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń rán ohun tí kò sí.
Nígbà tó yá, wọ́n fi Ayálégbé hàn mí nínú abọ́. Ó funfun, ó le bí òkúta. Mo ní kí nọ́ọ̀sì bá mi fi téèpù mi wọ̀n ọ́n yíká: ínṣì mẹ́tàlá. Orí ọmọ fi ààbọ̀ ínṣì jù ú lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23
Mo jí, ọwọ́ mi lọ síbi tó máa ń lọ. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ṣe mí bákan, n ò ní purọ́. Mo wá gbé ọwọ́ náà lé orí tòótọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Orí ọmọ mi, ṣé o jí ire?"
Ó dákẹ́ ẹkún, ó kọjú sí mi. Ó mọ ìkíni náà. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń kí ẹlòmíràn, òun ló ń gbọ́.